Mo Pa Gbogbo Fídíò Ijó Wa Rẹ́

Ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá jàre, torí ọkàn mi ò tíì kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wo ijó mi tipẹ́, ẹ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Ojú fóònù ni mo ti kọ́ ọ. Èmi àti Káfáyá ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá la ti máa ń jó nírọ̀lẹ́. A máa gbé fóònù sórí búlọ́ọ̀kù, a máa fi òkúta tì í lẹ́yìn. Áà, ìgbà yẹn dùn!

Àmọ́ èmi ni wàhálà. Tọ́wọ́ mi bá pẹ́ díẹ̀ báyìí, mo ti pa fídíò yẹn rẹ́. Tí Káfáyá bá rẹ́rìn-ín, mo pa á rẹ́. Tádìẹ bá gba ẹ̀yìn wa kọjá ńkọ́? Mo pa á rẹ́! Màá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka wọ́ọ̀nù, túù, tírì bí ẹni tó ń jà.

Ìyá Ṣèyí, tíṣà ará Èkìtì tó wà ní yàrá kejì sí wa, yọjú lójú wíńdò lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ijó lẹ̀ ń jó ni àbí ìṣirò lẹ̀ ń ṣe?"

Káfáyá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi ò rí ẹ̀rín kankan níbẹ̀ o.

Ọjọ́ tó burú jù ni ọjọ́ tá a fi fóònù Káfáyá ya fídíò ara wa. Ijó lọ dáadáa, ó ku díẹ̀ ká parí, sílípáàsì mi bá fò kúrò lẹ́sẹ̀ mi, ó bọ́ sínú bàsíà aṣọ tí Ìyá Ṣèyí ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀! Mo jágbe mọ́ Káfáyá pé òun ló sún mọ́ mi jù. Irú irọ́ wo nìyẹn? Mo ní kó pa fídíò yẹn rẹ́ kíá. Ó tẹ fóònù ẹ̀, ó lóun ti pa á rẹ́. Ó wá rọra sọ pé, "Lọ́jọ́ kan, o máa wá ọjọ́ òní tì."

Káfáyá ti lọ́kọ báyìí, Ìlọrin ló wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ń ṣe ọjọ́ ìbí, mo ní kí n gbé fídíò àwa méjèèjì síta fún un. Mo tú fóònù mi láti òkè délẹ̀. Ọdún mẹ́ta tá a fi jó, kò sí ẹyọ kan! Mo sunkún ṣá.

Mo pè é, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́, fídíò sílípáàsì wọlé sórí fóònù mi. Kò pa á rẹ́ rárá!

Mo wò ó. Sílípáàsì fò, Ìyá Ṣèyí ké, Káfáyá dikùn mú. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín nínú fídíò yẹn, ẹ̀rín gidi, kí n tó rántí bínú. Mi ò mọ̀ pé mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn o. Ìbínú nìkan ni mo rántí.

Ẹ má rò pé mo ti yí padà, inú ṣì máa ń bí mi tí ijó bá bàjẹ́. Àmọ́ mi ò kì í pa nǹkan kan rẹ́ lọ́jọ́ tínú bá ń bí mi mọ́. Ibi tó ti bàjẹ́ yẹn lè jẹ́ ibi tínú yín ti dùn jù.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti jù nù torí pé kò pé lójú yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ jẹ́ ká jọ kẹ́dùn.

Fídíò yẹn ló wà lókè. Ẹ wo sílípáàsì mi dáadáa.