Àrá Tọrọ Àforíjì Nínú Ilé Òkúta

Àrá ni gbogbo àdúgbò ń pe àbúrò bàbá mi. Tó bá kí ọ láàárọ̀, aládùúgbò kẹta ló máa dáhùn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló fi ń jẹun. Òun ló ń mú àwọn àlejò wo ilé òkúta rìbìtì tí àwọn ará ìgbàanì kọ́ sórí òkè. Kòtò méjì dojú kọra lára ògiri rẹ̀: ohun tí o bá sọ jẹ́jẹ́ sínú ọ̀kan, ẹni tó fetí ti ìkejì á gbọ́ ọ kedere. Èmi ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó rẹ̀ ń tún inú ilé náà ṣe.

Lọ́jọ́ Àìkú, Àrá jágbe mọ́ ìyàwó rẹ̀ pé ó gbàgbé bàtà òun sínú òjò, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló gbé e síta. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tirẹ̀ fọ́ lójú ìyá ìyàwó tó wá kí wọn. Látìgbà náà, ìyàwó ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ìdí tábìlì kan náà la jọ máa ń jókòó sí, á ní kí n sọ fún ọkọ òun pé ọbẹ̀ ti ń tutù. Ó sì ti là á mọ́lẹ̀: bí ìyá òun bá ń lọ lọ́jọ́ Ẹtì tí ọkọ òun ò tíì tọrọ àforíjì, àwọn jọ ń lọ ni.

Mo sọ fún Àrá pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀ wọ́n."

"Kí gbogbo ayé máa gbọ́? Ògiri ló máa bá mi bẹ̀ ẹ́!"

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì náà, ó dúró títí ìyàwó fi bẹ̀rẹ̀ sí í nu kòtò apá ọ̀hún, ló bá lọ sídìí tirẹ̀. Ẹni tó bá sì ń sọ̀rọ̀ síbẹ̀, ògiri ló ń kọjú sí. Kò rí i nígbà tí ìyàwó gbé korobá jáde lọ pọnmi. Kò rí àwọn àlejò ọjọ́ náà, àwọn ìyá àgbà tó jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń du àyè nídìí kòtò tí ìyàwó fi sílẹ̀.

"Olólùfẹ́ mi, má bínú. Èmi ni mo gbé bàtà yẹn síta. Má lọ, jọ̀ọ́. Ẹ̀rù ilé yẹn á máa bà mí."

Ohùn kan tó ti gbó dá a lóhùn látinú òkúta: "Mo ti gbọ́, ọkọ mi. Ṣé bàtà ọ̀hún ti gbẹ?"

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ́, òkúta gbà á, ó ń gbé e yí wa ká. Àrá yíjú padà. Ìyàwó rẹ̀ rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tòun ti korobá, tí ìyá àgbà kan ń ro gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ẹyọ kan sílẹ̀. Àánú ọkùnrin náà ṣe mí, àmọ́ ẹ̀rín ò jẹ́ n sọ ọ́.

Ìyàwó gbé korobá kalẹ̀. "Bàbá àwọn ọmọ, èmi ò gbọ́ o. Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ti bàtà."

Àrá wo ògiri, ó wo àwọn ìyá àgbà, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó wá lanu.

Ìyá ìyàwó wà nínú ilé nísàlẹ̀ òkè, ó ń di ẹrù ẹni méjì. Ó ní ńṣe ni òun gbọ́ "MÁ BÍNÚ!" lójú fèrèsé, lòun bá tú ti ọmọ òun.