Aṣọ Tí Ìyá Ọkọ Mi Gbà Padà

Ó ku bí ọdún mẹ́jọ kí Nàìjíríà gba òmìnira nígbà tí ọkọ mi mú mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí ilé bàbá rẹ̀ ní Kofar Rini, nílẹ̀ Hausa. Obì gbànja ni ìyá rẹ̀ ń tà. N kò tíì lo oṣù mẹ́ta nílé tí ìyá fi pè mí wọ yàrá, tó ní kí n fọwọ́ kan ọmú òsì òun. Kókó kan wà nínú rẹ̀, ó le bí obì.

Ọkọ mi mú ìyá lọ sí ọsibítù ní Kaduna. Dókítà ní jẹjẹrẹ ni, àfi kí àwọn gé ọmú náà. Ìyá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ lọ palẹ̀ mọ́ nílé.

Ìpalẹ̀mọ́ wọn ni pé wọ́n kó aṣọ inú àpótí wọn jáde, wọ́n sì pín in. Orogún wọn kékeré gba sányán. Èmi gba ẹtù tí wọ́n fi ṣe ìyàwó.

"Ẹ máa lò ó," ni wọ́n wí. "Èmi ti lo tèmi."

À ń sunkún, ìyá ń ká aṣọ.

Àwọn dókítà gé ọmú náà. Lọ́rì tó gba Gusau kọjá ló gbé ìyá padà wálé, wọ́n ti rù kan eegun. Ṣùgbọ́n kí òjò ọdún náà tó dá, wọ́n ti padà sídìí obì. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń padà lọ sí Kaduna fún àyẹ̀wò. Bí ìrìn àjò náà bá ti ku ọ̀la, wọn kì í fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ní ọdún kẹta, èmi ni mo sìn wọ́n lọ. Dókítà tẹ abẹ́ abíyá, ó tẹ ọrùn, ó tẹ ikùn. Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ ní Hausa fún wọn pé, "Babu komai." Kò sí nǹkan kan.

Ìyá bi dókítà bóyá òun ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà pátápátá nìyẹn. Dókítà ní òun kò lè búra, ṣùgbọ́n bó bá pé ọdún márùn-ún báyìí, ìrètí á pọ̀ gan-an.

"Ó dáa," ni ìyá wí. "Mo ti mọ ọ̀nà Kaduna."

Ọdún márùn-ún pé. Babu komai. Bí a ṣe wọlé, wọn kò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n fi pe orogún wọn.

"Gbé sányán mi wá."

"Ẹ̀yin lẹ fún mi, Ìyá."

"Mo fún ọ torí pé mo fẹ́ kú ni. N kò kú mọ́."

Orogún náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà lọ gbé ẹtù jáde. Mo ti fi pọn àkọ́bí mi, ó ti ní àbàwọ́n. Wọ́n ró o lójú ẹsẹ̀.

"Ṣé ó bá mi mu?"

"Ó bá yín mu, Ìyá."

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, obìnrin Hausa kan láti Kofar Doya wá bá wọn. Ó ní kókó kan nínú ọmú, ẹ̀rù kò jẹ́ kó sọ fẹ́nì kan. Ìyá ká bùbá sókè, wọ́n fi àpá tiwọn hàn án, wọ́n sì bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí ó fi gbà. Ìyá fúnra wọn ló mú un lọ sí Kaduna. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo ń wò wọ́n nínú lọ́rì: ìyá ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, obìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín.