Òdo Tirẹ̀ Ni Bẹ́ẹ̀ Ni, Òdo Tèmi Ni Bẹ́ẹ̀ Kọ́

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n gbé ọpẹ́ fún Ọlọ́run tó fi ẹ̀rín sínú iṣẹ́ òòjọ́ wa, tó sì jẹ́ kí òtútù Jọ́ọ̀sì tó gan mí níka má gan ọpọlọ mi mọ́ ọn. Mo tún dúpẹ́ fún àwọn olùkọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n fi pàṣán kọ́ mi ní ìṣirò.

Ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ẹnì kan láti òkè òkun ta wá lọ́rẹ kọ̀ǹpútà kan, wọ́n sì gbé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ táìpù pé kí n wá máa fi ṣiṣẹ́. Alàgbà tó jẹ́ ọ̀gá wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Èkìtì, kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó ní ó ń kùn bí ẹni tó ń ṣépè lábẹ́lẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí, ó nàka sí i.

"Bí ìwé ẹ̀rí ìsàmì àwọn ọmọ ìkókó ìjọ wa kò bá jáde kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, inú páálí ni nǹkan yìí ń padà sí. Ìwọ náà á padà sídìí táìpù rẹ."

Mo ti fẹ́ràn kọ̀ǹpútà náà bí ẹni fẹ́ràn ọmọ aláìgbọràn.

Ìṣòro wa ni pé èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà kì í ṣe ẹyọ kan. Èmi fi èyí tí wọ́n ń pè ní Pascal kọ apá tó ń kó orúkọ àwọn ọmọ jọ. Ẹnìkejì mi ní ọ́fíìsì ti fi èyí tí wọ́n ń pè ní C kọ apá tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ọmọ Yorùbá lòun náà, ṣùgbọ́n àdúgbò Nasarawa Gwong ní Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí òun àti bàbá rẹ̀ sí; kó tó sọ Yorùbá gbólóhùn kan tán, Hausa á ti bọ́ sí i lẹ́nu. Apá tèmi ni yóò pe tirẹ̀ pé, "Bá mi tẹ èyí," tirẹ̀ á sì dáhùn bí ó bá ti ṣe é.

A dán an wò. Ìwé àkọ́kọ́ tó jáde ní bàbá ìkókó ni a ṣe ìsàmì fún, ìkókó náà sì ni ó bí i.

"Kai! Anti, ọmọ oṣù mẹ́ta ti di bàbá!" ni ẹnìkejì mi kígbe.

Orúkọ ọmọ ni Pascal kọ́kọ́ ń jù sílẹ̀, kó tó ju ti bàbá lé e. Èyí tó sì wà lókè ni C kọ́kọ́ ń mú. A wá kọ apá kékeré kan sáàárín àwọn méjèèjì, bí ògbufọ̀ tó ń dúró ti oníwàásù, kó máa bá wa tún orúkọ tò. Bàbá di bàbá, ọmọ di ọmọ. A pariwo Halelúyà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò dúró. Ìwé ọmọ kan ṣoṣo ló ń tẹ̀, tó tún ń tẹ̀, títí bébà fi bo ilẹ̀. Alàgbà wọlé, ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa díẹ̀ nínú rẹ̀.

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọmọ yìí dá tí ìsàmì kan kò fi ká a?"

Sátidé ni ọjọ́ kejì, ọyẹ́ sì mú. Ẹnìkejì mi po tíì fún Alàgbà láti fi tù ú lójú, ó ń bu ṣúgà sí i.

"Ó tó," Alàgbà ní.

"To," lòun náà fèsì, ó bu síbí mìíràn.

"Mo ní ó tó!"

"To, Bàbá." Síbí mìíràn.

"Tó! Tó! Tó!"

"To, to, to!" Ó ń sáré bu ṣúgà bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Alàgbà fa ife náà gbà. "Ṣé o fẹ́ kí èèrà jẹ mí ni?"

"Haba, Bàbá, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ń sọ pé 'to'?"

Lẹ́nu Hausa, "to" ni "ó dára, mo ti gbọ́". Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Àfi bí mo ṣe dìde lójijì.

"Bí apá tìrẹ bá tẹ̀wé tán, kí ló máa ń dá tèmi lóhùn?"

"Òdo ni, Anti. Òdo wàhálà. Kò sí ìṣòro kankan."

Mo di orí mi mú. Nínú Pascal tèmi, òdo ni "bẹ́ẹ̀ kọ́". Tirẹ̀ ń sọ pé kò sí ìṣòro, tèmi ń gbọ́ pé kò tíì tẹ̀ ẹ́, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ kó jọ̀wọ́ tún un ṣe. A wá ní kí ògbufọ̀ wa máa sọ òdo di "bẹ́ẹ̀ ni" kó tó jẹ́ iṣẹ́ náà fún tèmi.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìwé gbogbo àwọn ọmọ ti jáde, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Alàgbà wọ awò ojú rẹ̀, ó kà wọ́n látòkè délẹ̀, ó ń wá ọmọ tó bí bàbá rẹ̀. Kò rí ọ̀kankan. Ó jọ pé ó dùn ún díẹ̀.

"Ẹ má dì í sí páálí mọ́," ó ní. "Àmọ́ ẹ fi aṣọ bò ó lọ́jọ́ Ìsinmi, kó má baà máa wò wá."

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹni tí ẹ bá ké pè gbọ́ yín yé, kí èsì tí yóò fún yín jẹ́ ayọ̀, kí àdúrà yín má sì sọnù sójú ọ̀nà. Àmín.