Ẹni Tó Dúró Níwájú Ẹ́ńjìnnì

Àwa kì í ya fọ́tò nǹkan. Èèyàn là ń yà. Nǹkan kàn máa ń wà lẹ́yìn ni. N kò mọ̀ pé èyí lè di wàhálà títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ́ńjìnnì rélùwéè kékeré lórí tábìlì ìjẹun wa ní Mulhuddart, lẹ́bàá Dublin ní Ireland, tí gbogbo ilé wá ń jẹun lórí itan.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ni, irú èyí tó ń fa ọkọ̀ èrò kọjá ní Òṣogbo nígbà tí mo wà ní kékeré. Ẹgbẹ́ kan wà ní Dublin níbi tí àwọn àgbà ọkùnrin ti ń fi ike àti irin tín-ín-rín ṣe ọkọ̀ ojú irin tí kò ju ọwọ́ èèyàn lọ. Wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ pé ẹ́ńjìnnì Nàìjíríà ni mo fẹ́ gbé wá sí ìpàtẹ ọdọọdún wọn, alága bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ṣé ẹ ní dísẹ́ẹ̀lì lọ́hùn-ún nígbà yẹn?"

"Rárá o," ni mo wí. "Ewúrẹ́ la fi ń fà á."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó sọ òfin fún mi: ohunkóhun tó bá hàn lára ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní fọ́tò tó jẹ́rìí sí i. Ẹni tó bá fi orí ara rẹ̀ dá a kò ní rí àyè lórí tábìlì. Mo ní kò sí wàhálà. Oyè yunifásítì méjì ni mo gbà, wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wá ẹ̀rí.

Mo kọ ọ́ sí Wásáàpù ẹbí. Fọ́tò rọ̀ bí òjò, àdúrà sì tẹ̀lé e. Gbogbo ẹbí ló ti ya fọ́tò ní ibùdó rélùwéè, kò sì sí ẹnì kan tó yà kúrò níwájú ẹ́ńjìnnì. Gèlè àǹtí mi bo iná iwájú. Sòkòtò ẹlẹ́nu fífẹ̀ tí àbúrò bàbá mi wọ̀ bo ẹsẹ̀ irin méjì. Mo bá ń to èèyàn pọ̀ bí ọlọ́pàá: ibi tí ẹni tó sanra bò, ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ á ṣí i sílẹ̀. Báyìí ni mo ṣe rí iná, fèrè, àti ìlà ọ̀dà tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó wá ku àtẹ̀gùn abẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Nínú gbogbo fọ́tò tó mú ẹ̀gbẹ́ yẹn, obìnrin kan náà ló dúró síbẹ̀, tó fi ìró bò ó pátá.

Ìyá mi ni. Mo pè wọ́n.

"Mọ́mì, kí ló wà lẹ́yìn yín nínú fọ́tò yìí?"

"Ọkọ̀ ojú irin. Ṣé o ò ríran mọ́ ni?"

"Àtẹ̀gùn ni mò ń bi yín. Ṣé méjì ni àbí mẹ́ta?"

"Èmi tí mo wọ bàtà tuntun, kí n kẹ̀yìn sí fọ́tò, kí n máa ka àtẹ̀gùn? Wo bàtà yẹn dáadáa."

Mo wò ó. Bàtà náà dára lóòótọ́.

Ó wù mí kí n kan mẹ́ta síbẹ̀ kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi wíwá ẹ̀rí yangàn kò gbọdọ̀ pàtẹ irọ́. Mo gbẹ́ obìnrin kan tí kò tó ìka, mo ró ìró fún un, mo wọ bàtà fún un, mo sì gbé e dúró síbi tó máa ń dúró sí gan-an.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, alága gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá sójú. "Kí ló wà lẹ́yìn ìyá yìí?"

"N kò mọ̀. Ohun tó hàn nìkan lòfin yín béèrè, ìyá náà ló sì hàn." Mo na fọ́tò sí i.

Ó wo fọ́tò, ó wo ìyá mi, ó tún wo fọ́tò. "Bàtà yẹn pé," ló wí. Ó ti ọkọ̀ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé tèmi sí àárín tábìlì. "Ó grand." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń yin èèyàn níbí nìyẹn, tí orí ẹni náà kò fi ní wú.

Orí mi wú.

Mo ya ẹ́ńjìnnì náà, mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Mọ́mì. Wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀.

"Fọ́tò wo lèyí tí kò sí èèyàn níwájú ẹ̀? Ta ló máa mọ̀ pé ìwọ lo ṣe é? Lọ dúró síbẹ̀, jàre!"

Mo lọ dúró. Mo gbé àyà síwájú, mo fọwọ́ mú ìbàdí, alága sì yà mí. Ikùn mi bo iná, ó bo fèrè, ó bo ìlà ọ̀dà tí mo wá kiri. Ìyá mi tí mo gbẹ́ nìkan ló yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi, tòun ti bàtà.