Sálámì, Ìlú Aláhoro, àti Ẹnubodè Fámágústà

Àkùkọ kò tíì kọ lẹ́ẹ̀kejì ní Ajégúnlẹ̀ tí mo fi gbé àpótí mi rù, mo gba Málù Róòdù, mo sì dé èbúté Àpápá kí oòrùn tó yọ. Kúùkù ọkọ̀ ojú omi ni mí. Ọsàn la fẹ́ lọ kó ní Kípírù, erékùṣù tí pásítọ̀ wa máa ń dárúkọ nínú ìwàásù, inú mi sì ń dùn bí ẹni tó ń lọ ìlú ìyá rẹ̀.

Nígbà tí a gúnlẹ̀ sí Fámágústà, ọ̀gá ọkọ̀ fún mi láyè ọjọ́ kan. Ẹ wo òkun! Tiwa ní Àpápá dúdú fún epo, tiwọn mọ́ bí omi inú àmù. Pọ́n-ùn ni wọ́n ń ná bíi tiwa, àmọ́ wọn ò mọ ṣílè. Ẹgbẹ̀rún owó wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní míìsì ló wà nínú pọ́n-ùn tiwọn. Pọ́n-ùn kan ni Kósítà, bàbá awakọ̀ kan tí irunmú rẹ̀ funfun báláú, gbà láti gbé mi kiri. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, torí Òyìnbó kan náà ló ti jọba lé àwa àtàwọn lórí.

Títì ẹ̀bá òkun lọ sí Sálámì tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo rántí Kíríìkì Róòdù tiwa ní Àpápá, níbi tí lọ́rì ti máa ń tò bí eèrà, mo bú sẹ́rìn-ín. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì péré la bá pàdé.

Ìlú ńlá ni Sálámì láyé àtijọ́, ó ti di ahoro. Àwọn òpó òkúta funfun ṣì dúró, láìsí òrùlé tí wọ́n ń gbé. Kósítà fi ṣáláńgá wọn hàn mí: ìjókòó òkúta tó tò yíká bí òṣùpá ààbọ̀, kò sí ògiri láàárín.

"Bàbá, ṣé ojú kì í tì wọ́n ni?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ìròyìn ìlú."

Ní Ajégúnlẹ̀, orí ìlà tí a ń tò lẹ́nu ọ̀nà ṣáláńgá la ti ń gbọ́ tiwa.

Lábẹ́ igi ólífì, àwọn darandaran kan ń jẹun. "Kopiásitẹ!" ni wọ́n ń pè wá, ìyẹn ni pé, ẹ wá bá wa jẹ. Wọ́n fún wa ní búrẹ́dì àti hálúmì, wàrà díndín tí Fúlàní kankan ò ní kọ̀.

Nígbà tí a ń padà, Kósítà kò gbé mi lọ sí èbúté tààrà. Ó dúró lẹ́nu ibodè odi ìlú àtijọ́ Fámágústà.

"Ọmọ mi, èmi ò gbọdọ̀ wọ ibí. Látìgbà tí àwa Gíríìkì àtàwọn Tọ́kì ti jà, àwọn ló ń gbé inú odi. Hásánì onígbàjámọ̀, a jọ dàgbà ni. Bá mi wò ó bóyá ó ṣì wà láàyè."

Sójà ẹnu ibodè wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó jẹ́ kí n kọjá. Mo bá Hásánì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí. Mo ní kó fá irùngbọ̀n mi. Nígbà tí ó fá apá kan tán, mo ní, "Kósítà ní kí n kí yín."

Abẹ dúró lọ́rùn mi. Mi ò mí.

"Ó ṣì ń rántí mi?"

"Ó wà lẹ́nu ibodè."

"Ìjọba ti gbà kí àwa Tọ́kì máa jáde, ó ti pẹ́. Mo rò pé kò ní fẹ́ rí mi ni."

Ó jáde tòun tabẹ lọ́wọ́. Mo tẹ̀ lé e, ọṣẹ lẹ́rẹ̀kẹ́, aṣọ lọ́rùn. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo ara wọn.

"O ti sanra," ni Kósítà wí.

"Ìwọ ti darúgbó."

Wọ́n dì mọ́ra. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ Kósítà ni Hásánì ti fá apá kejì irùngbọ̀n mi, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, èmi ń bẹ Ọlọ́run kí ọwọ́ rẹ̀ má yẹ̀.

Nígbà tí mo fi padà délé, ogun abẹ́lé wa ti parí. Ìyàwó mi ní Ókóyè ọ̀rẹ́ mi, télọ̀ ojúlé kejì tó sá lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn nígbà tí ogun fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ti dé, àmọ́ inú yàrá ló ń há ara rẹ̀ mọ́.

"Ṣé ẹ ti kí i?"

"Bàbá Fẹ́mi, à ń retí kó kọ́kọ́ yọjú sí wa ni."

Ọ̀rẹ́ méjì lè máa retí ara wọn báyìí títí ewú yóò fi gba orí wọn. Ohun tí ìrìn àjò yẹn kọ́ mi nìyẹn. Mi ò bọ́ bàtà. Mo lọ kan ilẹ̀kùn Ókóyè.

"Ta nìyẹn?" Kò tíì ṣí i.

"Èmi ni. Mo wá kí ọ káàbọ̀."