Àwọn Ẹyẹ Tó Dorí Kodò

Kò sí oníbàárà tó wọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Abẹ́rẹ́ tí kò mọ̀ pé obìnrin náà ní ilé mìíràn. Bó bá ti fi téèpù wọn èjìká rẹ tán, tó wọn ìbàdí, á gbé fóònù rẹ̀ jáde, á ní, "Ẹ wá wo ilé mi." Ilé inú géèmù ni: yàrá mẹ́fà, ọgbà òdòdó, àti kànga tí omi rẹ̀ kì í gbẹ.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ tíṣà, a máa ní, "Màámi, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, nídìí géèmù!"

Òun náà á dáhùn pé, "Ìwọ tó ń wo fíìmù tí wọ́n ti ń sunkún láti àárọ̀, ṣé mo bá ọ wí?"

Àmọ́ ọmọ náà mọ̀ pé ilé yẹn kì í ṣe eré lásán. Ìyá Abẹ́rẹ́ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ kọ́ ọ fún ọdún mẹ́ta, nígbà tí òkun wà láàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n a máa kọ ọ̀rọ̀ sára ògiri ilé ìdáná inú géèmù náà: "Àbúrò mi, ṣé o ti jẹun?" "Wọ awò ojú ẹ kó o tó rán aṣọ dúdú." "Ta ló gbin òdòdó burúkú yìí?" Lọ́dún tó kọjá, Ọlọ́run pe ẹ̀gbọ́n sílé. Ọ̀rọ̀ ara ògiri ló kù. Láràárọ̀, bí Ìyá Abẹ́rẹ́ bá ti gbàdúrà tán, kó tó ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, á kọ́kọ́ wọlé lọ kà wọ́n.

Lọ́jọ́ Ajé kan, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé. Ẹni tó kọ ọ́ ní àwọn ló ni géèmù, àwọn sì fẹ́ fún ilé rẹ̀ ní àmì-ẹ̀yẹ ilé tó rẹwà jù. Kó sáà fi nọ́ńbà mẹ́fà tó máa dé sórí fóònù rẹ̀ ránṣẹ́, kí àwọn lè mọ̀ pé òun ni. Ta ni wọ́n ń yìn tí kì í gbé orí sókè? Ó fi nọ́ńbà ránṣẹ́, ó sì kọ "Ọlọ́run á bù kún yín" sí ìdí rẹ̀. Kó tó rán apá aṣọ kan tán, géèmù ti tì í síta. Ó kan ilẹ̀kùn títí, wọn ò ṣí i.

Ó sáré lọ bá ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣeré, àwọn bí ogójì tí wọn kò rí ara wọn lójú rí, tí wọ́n sì mọ ohùn ara wọn bí ẹni mọ ti ọmọ ìyá.

"Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti gba ilé ẹ̀gbọ́n mi!"

Nọ́ọ̀sì, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé, ló kọ́kọ́ dáhùn. "Ẹ má sunkún, Mà. Ṣé ẹ fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà?"

"Mo fún wọn."

"Hàà!"

"Mo tún gbàdúrà fún wọn."

Bàbá Táyà, awakọ̀ tírélà tó ti fẹ̀yìn tì, bú sẹ́rìn-ín. "Àdúrà yẹn á gbà, àbúrò mi. Ọ̀nà ẹ̀yìn ló máa gbà fún wọn."

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Nọ́ọ̀sì rí ilé náà níbi tí olè ti pàtẹ rẹ̀ sí ọjà inú géèmù. Ẹni tó bá máa rà á, kó rà á kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ẹni tó bá ra ilé níbẹ̀, wíwó ló kọ́kọ́ máa ń wó o.

"Ògiri ilé ìdáná mi!" Ìyá Abẹ́rẹ́ gbé ọwọ́ lé orí.

"Kò sẹ́ni tó máa rà á," Bàbá Táyà ní. "Gbogbo wa la máa bá a ná an, kò ní ráyè ẹlòmíràn."

Ni ogójì èèyàn bá di oníbàárà. Ọ̀kan ń béèrè bóyá omi kànga náà mọ́. Ọ̀kan ní òun ń dúró kí ìyàwó òun fọwọ́ sí i. Ọ̀kan fẹ́ mọ̀ bóyá aládùúgbò tó wà níbẹ̀ máa ń pariwo. Olè ń dáhùn, òógùn ń bò ó. Nọ́ọ̀sì sì ń kọ gbogbo ohun tó bá sọ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, bó ṣe ń kọ ti aláìsàn. Bó ṣe ń bi àwọn ẹgbẹ́ mìíràn léèrè, ó rí èèyàn mọ́kànlá tí olè kan náà ti fọ́ ilé wọn.

Ní Ọjọ́rú, Bàbá Táyà ṣe bí ẹni tó ń bínú sí olè. "Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ni ilé wà lóòótọ́? Ya fọ́tò fóònù rẹ, kí n rí ilé lójú rẹ̀."

Olè ya á. Fóònù wà lórí tábìlì, ilé hàn lójú rẹ̀, fèrèsé wà lẹ́yìn. Ojú gbogbo ẹgbẹ́ lọ sára fóònù. Ojú Ìyá Abẹ́rẹ́ lọ sára kọ́tìnnì. Bí wọ́n bá gbé ọba síwájú aránṣọ, ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò.

Ẹyẹ ló wà lára kọ́tìnnì náà. Ti apá òsì ń fò lọ sókè. Ti apá ọ̀tún dorí kodò, ẹsẹ̀ wọn ń na ọ̀run.

Ìyá Abẹ́rẹ́ sún fóònù mọ́jú. Òun ló rán an! Oṣù méjì sẹ́yìn, ibi tó ti ń ka ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lára ògiri ló ti gé aṣọ náà lódì. Ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú ló ni ín. Ó ti bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun tún un rán, ọkùnrin náà ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Mọ́mì. Ta ló ń wo kọ́tìnnì?" Ìtìjú mú Ìyá Abẹ́rẹ́, ló bá fún un ní àga, ó sì fi ilé géèmù hàn án láti yàrá dé kànga, kó lè gbàgbé ẹyẹ.

"Mo mọ olè yìí," ó sọ fún ẹgbẹ́. "Èmi ni mo ba kọ́tìnnì rẹ̀ jẹ́."

Ó ṣí ìwé ìwọ̀n rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ wọn fèrèsé náà: yàrá òkè, lórí ṣọ́ọ̀bù oníbàtà.

"Ẹ jẹ́ ká lọ ká a mọ́lé!" Bàbá Táyà ní.

"Ẹ jókòó, Bàbá," Nọ́ọ̀sì ní. "Ọlọ́pàá ló nìṣẹ́."

Ọmọ rẹ̀ tíṣà ló bá a gbé àkọsílẹ̀ Nọ́ọ̀sì, fọ́tò àti ìwé ìwọ̀n dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá obìnrin tó jókòó níbẹ̀ gbé ojú sókè.

"Mà, ẹ ní ẹyẹ ló tú olè fó?"

"Ẹyẹ méjìlélógún ti apá ọ̀tún, ọmọ mi. Gbogbo wọn ló dorí kodò."

Ọlọ́pàá náà rẹ́rìn-ín títí tó fi ka àkọsílẹ̀ Nọ́ọ̀sì dé orúkọ èèyàn mọ́kànlá. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, àwọn ọlọ́pàá gun òkè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà, wọ́n bá ọkùnrin náà láàárín fóònù mẹ́sàn-án. Ó ní báwo ni wọ́n ṣe mọ òun. Wọ́n nawọ́ sí fèrèsé. Ó wò ó títí. Ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé èèyàn ń wo kọ́tìnnì.

"Mo sáà ní kó jẹ́ kí n tún un rán," Ìyá Abẹ́rẹ́ sọ nígbà tó gbọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọlọ́pàá bá a gba ilé náà padà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ìkúnlẹ̀ kó tó wọlé. Ògiri ilé ìdáná pé, kò sí lẹ́tà kan tó dín. Ọmọ rẹ̀ na ọrùn láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń kà á lọ, ó dé "Ta ló gbin òdòdó burúkú yìí?", ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

"Màámi, ẹ má bínú. Èmi ni. Mo gbé fóònù yín nígbà ìsinmi."

"Ìwọ tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni… ẹ̀ẹ̀mẹ́rin."

Ìyá Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ti àga sí i. "Jókòó, ká jọ fi kọ́tìnnì kọ́ sí ilé ìdáná yìí."

Ó mú èyí tó ní àwòrán ẹyẹ nínú ọjà géèmù. Ó gbé apá òsì sókè dáadáa. Ó dojú apá ọ̀tún bolẹ̀.

"Màámi, ẹ ti gbé e lódì."

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."