Ẹ̀rí Tí Mo Sáré Jẹ́

Òórùn páúdà ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi náà. Ọyẹ́ mú ní Zaria lọ́dún yẹn, eruku sì ti bo fèrèsé ilé wa ní Hanwa débi pé oòrùn ti yọ, síbẹ̀ ńṣe ló dà bíi pé ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán. Ìyàwó mi jókòó síwájú dígí, ó ń fi páúdà bo ibi tí àìsàn ti sọ ojú rẹ̀ di dúdú. Ó kùn ún, ó nù ún, ó tún un kùn. Èmi dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú agbádá funfun tó ń dán, mo ń wo agogo, mo ń sọ fún un pé kó ṣe kíá, ká má baà pẹ́ dé ibi ìdúpẹ́. Mo rò pé oge ló ń ṣe.

Inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ wú. A rò pé oyún ni, inú wa sì dùn, torí a ti ń wojú Olúwa fún ọmọ. Nígbà tí a dé ọsibítù, wọ́n ní kì í ṣe oyún, jẹjẹrẹ ni. Wọ́n dá a dúró, wọ́n ń fún un lóògùn, wíwú náà sì lọ sílẹ̀. Dókítà ní ká máa lọ sílé, ó ní ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ká máa wò ó, ká sì mú un padà wá fún àyẹ̀wò. Gbogbo ohun tí dókítà sọ nìyẹn. Èmi tí mo jókòó níwájú rẹ̀, ohun tí mo gbọ́ ni pé ó ti san.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí mo jẹ́ nígbà náà. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ládùúgbò wa, ṣùgbọ́n àdúrà ni iṣẹ́ tí mo fi ń yangàn. Èmi ni mò ń ṣáájú àdúrà àwọn ọkùnrin nínú ìjọ wa. Bí mo bá ń gbàdúrà nílé, àwọn ará ilé kejì mọ̀, ajá wọn pàápàá mọ̀. Mo gbà pé bí ohùn ènìyàn bá ṣe ròkè tó ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣe tó. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní ẹni tó bá ní ẹ̀rí kó bọ́ síwájú, mo fa ìyàwó mi lọ́wọ́, a jó lọ síwájú pẹpẹ. Mo gba máìkì, mo ní ikú wá sílé wa, ó bá ilẹ̀kùn ní títì pa. Mo ní ìyàwó mi ti rí ìwòsàn pátápátá, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́. Ìjọ hó yèè, àwọn akọrin gbé orin. Ìyàwó mi ń jó díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di apá mi mú gírígírí. Mo pe ìyẹn ní ayọ̀. Lẹ́yìn ìsìn, pásítọ̀ wa, bàbá àgbàlagbà kan tí kì í pariwo, fà mí sẹ́yìn, ó bi mí bóyá dókítà ti parí àyẹ̀wò. Mo dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mo ní ìgbàgbọ́ bàbá yìí ti ń gbó.

Ẹyin lohùn, àwọn àgbà wí, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Dípò kí ẹ̀rù ohun tí mo ti sọ bà mí, ńṣe ni mo sọ ọ́ di òfin ilé. Bí ìyàwó mi bá kérora, mo á ní a ti jẹ́rìí sí i. Bí kò bá lè jẹun, mo á ní kó má fi ẹnu ara rẹ̀ ba ìṣẹ́gun jẹ́. Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò pé, mi ò mú un lọ. Mo ní ta ni yóò máa wá àìsàn tí Ọlọ́run ti lé lọ kiri. Ìyá rẹ̀ ń pè láti Tudun Wada, mo sì ń dá a lóhùn pé dáadáa ló wà, kí Màmá má ṣe yọ ara wọn lẹ́nu. Mùsùlùmí ni ìyá yìí. Bàbá ìyàwó mi tó ti di olóògbé, òṣìṣẹ́ rélùwéè tí í ṣe Kristẹni, ló fẹ́ ẹ, kálukú sì di ẹ̀sìn tirẹ̀ mú títí ikú fi yà wọ́n. Mi ò ní parọ́, ó wù mí kí ìyá náà rí ohun tí Ọlọ́run tèmi lè ṣe. Ìgbéraga tí ènìyàn fi orúkọ Ọlọ́run bò, kò sí èyí tó dùn tó o.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń sàmì sí ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé nínú pálọ̀, ìyàwó mi jáde láti inú yàrá, ó fara ti ògiri.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé bírò yẹn sílẹ̀," ó ní. "Mo fẹ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan."

Mo gbójú sókè. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà. Bí mo bá ní mi ò mọ̀ ọ́n, irọ́ ni.

"Ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikú?" ni mo wí. "Torí bó bá jẹ́ òun ni, a ti parí ẹ̀ níwájú pẹpẹ."

Ó rẹ́rìn-ín.

"Rárá o," ó ní. "Iyọ̀ ló tán nílé."

Ara tù mí. Mo dìde, mo lọ ra iyọ̀, mo ń súfèé lọ, mo ń súfèé bọ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni fóònù mi dún láàárín kíláàsì. Ìyá ìyàwó mi ló pè, láti ọsibítù. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé bí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́, ìyàwó mi á wọ kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, á dùbúlẹ̀ sórí ẹní ìyá rẹ̀, á kérora tẹ́rùn, á sì padà sílé kí n tó dé, á kun páúdà. Lọ́jọ́ náà, kò lè dìde lórí ẹní mọ́. Nígbà tí mo fi dé ọsibítù, wọ́n ti fi aṣọ bò ó lójú. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ.

Àwọn ará ìjọ kún ilé wa. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan ẹ̀rí mi. Ìbá sàn fún mi bí wọ́n bá mẹ́nu kàn án. Àwọn obìnrin bọ́ sílé ìdáná láti se oúnjẹ fún àwọn tó wá kí mi. Ọ̀kan nínú wọn yọjú, ó ní iyọ̀ méjì làwọn bá, ọ̀kan kún inú agolo, ọ̀kan wà nínú ọ̀rá tí wọn ò tíì tú, èwo ni kí àwọn lò. Mo ní kí wọ́n lo èyí tó bá wù wọ́n. Mo wọ yàrá lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ìrọ̀rí bo ẹnu, mo sì sunkún, èmi tí ajá ilé kejì mọ ohùn mi.

Ikú yá ju ẹ̀sín, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń wí fún wa láti kékeré. Nínú ọ̀rọ̀ tèmi, ìyàwó mi ló mú ikú, èmi ló fi ẹ̀sín sílẹ̀ fún, mo sì tún rò pé èmi ni ìyà jẹ jù. Mi ò lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò tún fẹ́ kí àwọn ará àdúgbò mọ̀ pé mi ò lọ mọ́. Bí ọjọ́ Ìsinmi bá ti dé, mo á múra, mo á há Bíbélì sí abíyá, mo á jáde ní àkókò tí gbogbo onígbàgbọ́ ń jáde, mo á sì lọ jókòó lẹ́bàá oko ní Bomo, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí, títí ìsìn á fi parí. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ á kí mi pé, "Sannu, Malam," mo á dáhùn bí ẹni tó wá wo ilẹ̀ tó fẹ́ rà. Mi ò gbàdúrà. Bí mo bá ti fẹ́ pe Olúwa, ohùn ara mi lórí máìkì ni mo máa ń gbọ́. Mo bínú sí Ọlọ́run pé ó dójú tì mí. Kò yé mi nígbà náà pé kì í ṣe Ọlọ́run ló rán mi ní iṣẹ́ tí mo lọ jẹ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, bí mo ti ṣílẹ̀kùn láti máa lọ sí Bomo mi, kẹ̀kẹ́ kan dúró lẹ́nu géètì. Ìyá ìyàwó mi ló wà nínú rẹ̀, nínú híjáàbù aláwọ̀ búlúù. Zaria kò tóbi; ẹnìkan ti rí mi níbi tí mo ti ń bá oko ṣe ìsìn. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Ó ní kí n dìde, kí n wọlé sínú kẹ̀kẹ́. Ó bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ ní Hausa, nígbà tí mo sì fi mọ ibi tí à ń lọ, a ti dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Orin ti ń dún nínú ilé. A dúró lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà nínú ọgbà.

"To," ó ní. "Ọmọ mi ló rán mi. Ó ní kí n rí i pé o dé ẹnu ọ̀nà ibí yìí, torí ó mọ̀ pé ojú á máa tì ẹ́. Ó tún ní kí n má bá ẹ jà." Ó tún híjáàbù rẹ̀ ṣe. "Ìyẹn ló jẹ́ kí n pẹ́. Haba, ìyá ni mí. Mo ní láti dúró kí inú mi kọ́kọ́ rọ̀."

Mo bi í bóyá ẹ̀rù ba ìyàwó mi.

"Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà á," ó ní. "Ó máa ń bá Jésù ẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú yàrá mi, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ará ilé sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó ní àwọn ti sọ ọ́ tán, ẹ̀rù ò ba òun mọ́. Ó ní ìwọ nìkan ló kù tóun ò rí bá sọ."

Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi náà, ó ní òun ń dúró dè mí.

Mo wọlé, mo jókòó sẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí wọ́n ní ẹni tó bá ní ẹ̀rí kó bọ́ síwájú, mo dìde. Mi ò jó. Mo rí i tí àwọn ènìyàn ń dorí kodò, wọ́n ń bá mi tijú. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ gbé máìkì lé mi lọ́wọ́, ó sì dúró tì mí.

"Mo dúró níbí, mo ní ìyàwó mi ti san," ni mo wí. "Kò san. Ọlọ́run kò sọ fún mi pé ó ti san, èmi ni mo sọ ọ́. Ó fẹ́ sọ fún mi pé òun ń kú lọ, mi ò jẹ́ kó sọ ọ́. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run."

Kò sẹ́ni tó hó. Àwọn akọrin ń wojú ara wọn, wọn ò mọ orin tí wọ́n ń kọ sí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Pásítọ̀ kàn gbọ́wọ́ lé mi léjìká, a jọ dúró bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ìjọ. Níbẹ̀, pẹ̀lú ìtìjú mi ní gbangba, ni mo ti gba àdúrà tí mo rò pé ó jẹ́ àkọ́kọ́ láyé mi. Kò ní ariwo nínú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ọ. Mo ní, "Olúwa, ojú ń tì mí." Mi ò gbọ́ ohùn kankan. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀ tí mo ń bá sọ̀rọ̀, ohun tí mi ò mọ̀ rí ní gbogbo ọdún tí mo fi ń pariwo.

Ọdún ti gorí ọdún. Wọn ò fi mí ṣe aṣáájú àdúrà mọ́, èmi náà ò sì béèrè. Ìtìjú náà kò tán. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ìgbàgbọ́ á mú un kúrò; ohun tí mo rí ni pé ó ń jẹ́ kí n lè rù ú. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé wọ́n bọ́ Jésù síhòòhò, wọ́n kàn án mọ́gi lójú àwọn tó mọ̀ ọ́n, wọ́n ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Àfi ìgbà tí ojú tèmi tì mí kí n tó mọ̀ pé ìtàn ẹni tí wọ́n dójú tì ni, pé ó mọ ibi tí mo wà. Gbogbo agbára tí mo ní nìyẹn, ó sì tó mi. Ìyá ìyàwó mi ti darúgbó gan-an. Mo máa ń lọ kí i ní Tudun Wada, ó sì máa ń bi mí bóyá oko Bomo ti hù.

Bí mo bá kúnlẹ̀ àdúrà báyìí, mi kì í tètè la ẹnu. Mo máa ń gbé ohun tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀, mo máa ń dákẹ́, bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó gbé bírò sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà. Nígbà mìíràn, mo máa ń gbọ́ nǹkan díẹ̀. Èyí tó wù mí jù láti gbọ́, ọjọ́ tí mo lọ ra iyọ̀ ló ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.